Ewédú Táíwò kò hù: ìdáhùn fún Ìyá Ìbejì lórí ọgbà iléèwé

Ìyá kan ní Àpáta, n'Ìbàdàn, ló kọ lẹ́tà yìí sí mi. Mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ìbejì ni mo bí, wọ́n ti pé ọdún 5, KG 2 ni wọ́n wà ní iléèwé aládàáni kan ládùúgbò wa. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé sáà kẹta ni àwọn àǹtí wọn ti ń kó wọn lọ sẹ́yìn kíláàsì ní gbogbo Ọjọ́rú pé kí wọ́n lọ gbin nǹkan. Aṣọ iléèwé wọn á wá pọ́n bí ẹni tó yí nínú yangí. Bàbá wọn ti fárígá, wọ́n ní àwọn ò san owó iléèwé kí ẹnìkan lọ fi ọmọ àwọn ṣe lébìrà. Ní tèmi, aràn inú àti ejò ni mò ń bẹ̀rù. Èyí tó wá ká mi lára jù ni pé ẹ̀wà tí Kẹ́hìndé gbìn ti hù, ewédú Táíwò kò hù, ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. Ó ń sunkún pé ọwọ́ òun ò dáa. Ṣé kí n ní kí wọ́n yọ wọ́n kúrò nínú ẹ̀ ni? Kí ni ọmọ ọdún 5 tilẹ̀ lè rí kọ́ nínú ọgbà tí kò ní rí nínú ìwé?"

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú wọn, Olúwa á dá wọn sí fún yín. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra wọn níbẹ̀. Ti bàbá wọn wà níbẹ̀, ó sì ti pẹ́ kí a tó bí àwọn ìbejì. Ti ìlera wà níbẹ̀. Ẹkún Táíwò ló ṣìkẹta, òun ni màá sì kọ́kọ́ dá lóhùn, nítorí ọdún 24 tí mo fi bá àwọn ọmọ kéékèèké ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn yìí ti jẹ́ kí n mọ̀ pé ọmọ tó bá ti gbà pé ọwọ́ òun ò dáa kì í pẹ́ kó tó gbé èrò náà dé ìdí ìwé kíkà àti ìṣirò.

Ẹ sọ fún Táíwò pé ọwọ́ rẹ̀ dáa. Hóró tí wọ́n fún un ló ń sùn. Ewédú kò rí bí ẹ̀wà. Hóró rẹ̀ kéré, èèpo tó bò ó sì le débi pé omi kì í ráyè wọ inú rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ẹ lè gbìn ín, kí ẹ máa bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́, kó sì wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìhù, kó má sì kú. Àwọn ìyá tó ń gbin ewédú tà lẹ́bàá odò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i. Wọ́n á dà á sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á so ó, wọ́n á rì í sínú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó tán, wọ́n á ka ení, èjì, títí dé ẹẹ́wàá, ó pọ̀ tán, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á tì í bọ omi tútù. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, á jinná. Omi gbígbóná yẹn ló ń já èèpo náà. Ewédú tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún, láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún ni yóò ti máa yọjú. Ẹ̀wà ní tirẹ̀ kò nílò gbogbo ìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń rẹ ẹ̀wà àkàrà mọ bó ṣe ń yára mu omi, tí èèpo rẹ̀ á sì bó fúnra rẹ̀. Nítorí náà, eré tí wọ́n fi àwọn ìbejì yín sá ní Ọjọ́rú yẹn kò dọ́gba rárá. Ẹ rán Táíwò létí ohun tí ó ti ń gbọ́ láti kékeré, pé òun ló kọ́kọ́ tọ́ ayé wò, síbẹ̀ Kẹ́hìndé là ń pè ní ẹ̀gbọ́n. Hóró tó kọ́kọ́ jáde kọ́ ló dáa jù.

Ó ṣeé ṣe kí nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Ọmọ kéékèèké fẹ́ràn láti fi ìka ti hóró wọlẹ̀ títí ìka á fi rì. Ẹ̀wà lè fara da ìjìn oríkèé ìka kan. Ewédú ò lè fara dà á, orí ilẹ̀ níbẹ̀ ló fẹ́ wà, kí wọ́n kàn fi iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ bò ó. Èèrà náà máa ń kó hóró kéékèèké lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n tọ́ka sí ọ̀kan, omi gbígbóná ni màá tọ́ka sí. Ó sì lè jẹ́ pé àǹtí wọn kò mọ̀, kì í ṣe ìkà. Ọjà ni ọ̀pọ̀ tíṣà ọ̀dọ́ ti ń ra ewédú, wọn ò gbìn ín rí.

Ní iléèwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́, ewédú wa kọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan mú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, ó fi ń wa ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi rí hóró kan. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń fẹ́ iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó wá bá mi, ó ní, "Àǹtí, kò tíì jí." Gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kọ́ wọn lọ́sẹ̀ yẹn ni mo pa tì. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nìkan la dojú kọ: kí la lè fi jí i? Ẹnìkan ní ká pariwo sí i. Ẹnìkan ní ká fún un ní mílíìkì. A gbìyànjú wọn tọkàntọkàn, lẹ́yìn náà ni mo mú omi gbígbóná wá. Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì Táíwò náà nìyẹn. Irúgbìn tó kọ̀ tí kò hù kò tíì já sí òfo, àfi bí àgbà tó wà níbẹ̀ kò bá béèrè ìdí.

Ó kan bàbá wọn báyìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá wọn jà, nítorí ohun tí ojú ìran wa rí ni wọ́n ń sọ. Nígbà tiwa, oko iléèwé àti ìyà, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹni tó pẹ́ dé, kó lọ gé koríko. Ẹni tó pariwo ní kíláàsì, kó lọ kọ ebè. Mo wà ní kíláàsì kẹrin nígbà tí èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi kọ ebè àgbàdo lẹ́yìn iléèwé wa. A ro ó lẹ́ẹ̀mejì, a lé ẹyẹ. Nígbà tó gbó, ojú wa ni wọ́n ṣe kó o sínú àpò, tí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wa. A ò fẹnu kan ẹyọ kan. Ní gbogbo ìgbà tí a fi ṣe é, kò sí ẹni tó bi wá ní ìdí tí àgbàdo fi ní irun, tàbí kí ló jẹ ewé rẹ̀, tàbí ọjọ́ mélòó ló lò nílẹ̀. Ohun tí mo kọ́ ni kí n kórìíra ọkọ́, ó sì pẹ́ púpọ̀ kí n tó tún fi tinútinú fọwọ́ kan ilẹ̀.

Oko iléèwé nìyẹn, mi ò sì ní gbà kí wọ́n mú un padà wá bá ọmọ kankan. Ọ̀tọ̀ ni ọgbà tí mò ń sọ. Bẹ́ẹ̀dì tí ọmọ mẹ́fà máa pín kò yẹ kó ju ẹní kan lọ. Ṣíbí àti agolo mílíìkì ni irinṣẹ́, kì í ṣe ọkọ́ àti àdá. Ìṣẹ́jú 20 tàbí 30 ti tó, kí wọ́n padà sínú ibòòji. Wọn kì í fi jẹ ọmọ níyà láéláé. Àwọn ọmọ ló sì ń jẹ ohun tó bá jáde níbẹ̀, ì báà ṣe ewé tẹ̀tẹ̀ mẹ́rin péré tí wọ́n sè sínú ìkòkò kékeré kan. Ẹ tiẹ̀ wo pátákó iléèwé yín. KG tí wọ́n kọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn ará Jámánì ni, Kindergarten, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ọgbà àwọn ọmọdé. Friedrich Froebel, olùkọ́ kan ní Jámánì, ló fi sọ iléèwé rẹ̀ ní ọdún 1840. Àfiwé wà nínú orúkọ náà, pé ọmọ dà bí ewéko tó ń fẹ́ ìtọ́jú, ṣùgbọ́n Froebel kò dúró lórí àfiwé: ó fún àwọn ọmọ ní ilẹ̀ gidi, kálukú ní bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, wọ́n sì tún ní ti gbogbogbòò. Ẹ sọ èyí fún bàbá wọn bí ara wọn bá silé.

Ẹ bi mí ní ohun tí ọmọ ọdún 5 lè rí kọ́. Ẹ gbin ẹ̀wà àti àgbàdo sínú ike kan náà, kí ẹ sì jókòó tì í. Àgbàdo á gún ilẹ̀ jáde ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, ewé rẹ̀ á ká bí ẹní tí wọ́n ká. Ẹ̀wà á fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀ jáde ní títẹ̀, bí ìyá arúgbó tó pọn omi, á wá rọra nàró, á sì gbé ìlàjì ara rẹ̀ méjèèjì dání lókè. Ọmọ á pariwo nígbà tó bá rí i pé hóró tí òun gbìn gan-an ló wà lórí igi yẹn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ìlàjì méjèèjì á rọ, wọ́n á hunjọ, wọ́n á já bọ́. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń bi wọ́n pé, oúnjẹ tó wà nínú rẹ̀ dà? Wọ́n ti sọ fún mi pé ẹyẹ ló jẹ ẹ́, wọ́n ti sọ pé oòrùn ló fà á mu. Ọmọkùnrin kan ronú títí, ó ní, "Ọmọ rẹ̀ ti mu ún tán, bí àbúrò mi ṣe ń mu ọmú." Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ó rí i ni. Inú ìwé, àwòrán kan ṣoṣo ni wọn máa fi hàn án, kò sì ní rí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín àná àti òní.

Ìṣirò náà wà níbẹ̀. Ní gbogbo Ọjọ́rú, kí ọmọ mú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, kó gbé e ti ẹ̀wà rẹ̀, kó ṣẹ́ ẹ níbi tí ẹ̀wà ga dé, kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún, àwọn ìgbálẹ̀ náà á tò bí àtẹ̀gùn ilé. Ọmọ tí kò tíì mọ nọ́ńbà kọjá ogún á sọ fún yín pé ọ̀sẹ̀ tí òjò rọ̀ ni ẹ̀wà òun fo sókè jù. Gíráàfù tí à ń fi da ọmọ sẹ́kọ́ńdírì láàmú nìyẹn, ọmọ KG ti fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ èdè, nítorí ó ń dùn mí. Ọ̀pọ̀ iléèwé aládàáni wa ni kò gbà kí ọmọ sọ Yorùbá ní kíláàsì. Mo ti rí ọmọ tó ya odi láti àárọ̀, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn tẹ ọgbà báyìí ni ẹnu rẹ̀ là: "Ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀! Ìdin ti jẹ ewé mi!" Iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ṣe agbátẹrù rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ láti ọdún 1970 fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò kò yọ sílẹ̀, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ọmọ bá ti lóye ní èdè ìyá rẹ̀, kò le fún un láti mọ orúkọ rẹ̀ ní èdè mìíràn. Bí ẹ bá ní ẹnu níbi ìpàdé òbí, ẹ bá mi sọ èyí níbẹ̀.

Síbẹ̀, mi ò ní tàn yín. Ọgbà kì í kọ́ ọmọ ní ábídí. Bí Táíwò bá ń ní ìṣòro ìwé kíkà, ìwé kíkà la máa fi tọ́jú rẹ̀. Àwọn kan tún ń sọ pé ọmọ tó bá gbin ẹ̀fọ́ á jẹ ẹ̀fọ́. Lóòótọ́ ni mo ti rí ọ̀pọ̀ tó tọ́ tẹ̀tẹ̀ wò nítorí pé àwọn ló gbìn ín, tí wọ́n sì béèrè sí i. Mo sì ní ọmọ kan tó tọ́jú ilá bí ojú, tó ń kí i láàárọ̀, tí kò fi ilá náà sẹ́nu títí tó fi kúrò lọ́dọ̀ wa. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

Lórí ìlera, ìbẹ̀rù yín ní ìdí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í ṣàdédé bí aràn, súgà náà kì í bí i. Ìgbẹ́ èèyàn tó bọ́ sínú ilẹ̀ ló ń gbé ẹyin aràn wá, ọwọ́ àìfọ̀ àti èékánná gígùn ló sì ń gbé e dé ẹnu. Aràn kan tún wà tó jẹ́ pé àtẹ́lẹsẹ̀ lásán ló ń gbà wọlé. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni kí ẹ lọ fojú rí: ṣé ibi tí ẹnikẹ́ni kì í yàgbẹ́ sí ni ọgbà wà, ṣé gbogbo ọmọ ló ń wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ṣé ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn wà níbẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Omi inú báṣíà kan tí ọmọ 20 jọ ń ki ọwọ́ bọ̀ kì í ṣe ọwọ́ fífọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn ìlú tí aràn pọ̀ sí nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa fún ọmọ ní oògùn aràn lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn tó súnmọ́ yín, kí ẹ sì yẹ káàdì wọn wò bóyá abẹ́rẹ́ ìpá (tẹ́tánọ́ọ̀sì) wọn pé. Bí ìgbẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀, kó ti jẹrà dáadáa fún bí oṣù mẹ́ta kó tó dé ibi tí ọwọ́ ọmọ wà, wọn ò sì gbọdọ̀ fín oògùn kòkòrò síbẹ̀ rárá. Ejò fẹ́ràn koríko gíga àti òkìtì pàǹtírí ju bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ro mọ́ lọ. Kí àgbà kọ́kọ́ lọ yẹ ibẹ̀ wò kí àwọn ọmọ tó dé.

Ohun méjì wà tó ń bà mí lẹ́rù ju ejò lọ, àwọn òbí kì í sì í béèrè nípa wọn. Èkíní ni ilẹ̀ tí wọ́n ti ń tún bátìrì ọkọ̀ ṣe rí tàbí tí mẹkáníìkì ti dá epo sí. Òjé inú bátìrì kì í kúrò nínú ilẹ̀, ó sì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Bí ilẹ̀ iléèwé yín bá ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ra ilẹ̀ dúdú tó mọ́, kí wọ́n rọ ọ́ sínú àpò, kí wọ́n sì gbin nǹkan sínú àpò. Èkejì ni lápálàpá, tí àwọn kan ń pè ní bòtujẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ilé n'Ìbàdàn fi ń sọgbà. Hóró rẹ̀ dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Bó bá wà nítòsí ibi tí àwọn ọmọ ń ṣeré, kí wọ́n hú u.

Sáà kẹta ni iléèwé yín ti bẹ̀rẹ̀, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, nítorí òjò ti wà nílẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ á ṣeé já láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ewédú tí wọ́n fi omi gbígbóná jí á ṣeé já ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀wà lè gbó ní bí ọjọ́ 60 sí 70. Gbogbo wọn lè parí kí wọ́n tó gba ìsinmi. Ìsinmi gígùn ló ń pa ọgbà iléèwé. Bí wọ́n bá fi ata tàbí tòmátò sílẹ̀ lọ, igbó ni wọ́n máa bá nígbà tí wọ́n bá wọlé. Sáà kejì nìkan ló nira gan-an, nígbà ọyẹ́ àti ọ̀gbẹlẹ̀, àfi iléèwé tó ní kànga. Bí àwọn àǹtí bá ń wá irúgbìn tó dáa àti ìmọ̀ràn, NIHORT tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975 fún ìwádìí lórí ẹ̀fọ́ àti èso kò jìnnà sí yín, Ìdí-Ìṣin níbẹ̀ ni.

Ní tèmi, ẹ má yọ wọ́n. Mi ò tíì fojú rí ọgbà náà, torí náà ẹ lọ wò ó fúnra yín ní Ọjọ́rú kan, kí ẹ mú bàbá wọn dání bí wọ́n bá gbà. Bí ẹ bá rí ọmọ tó ń ro ilẹ̀ nínú oòrùn nítorí pé ó ṣẹ̀, tàbí tí kò sí ọṣẹ, ẹ bá ọ̀gá iléèwé sọ̀rọ̀, bí wọn ò bá sì tún un ṣe, ẹ yọ àwọn ọmọ yín láìwojú ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó ní asímà tàbí egbò lọ́wọ́, dókítà ló máa sọ. Ti aṣọ kò le: ẹ fi ṣẹ́ẹ̀tì bàbá wọn tó ti gbó méjì ránṣẹ́, kí wọ́n máa wọ̀ ọ́ lé aṣọ iléèwé.

Lọ́jọ́ Sátidé yìí, ẹ wá ike méjì, ẹ lu ihò sí ìdí wọn, ẹ rọ ilẹ̀ dúdú sí i. Ẹ bu ewédú sí méjì. Ẹ̀yin ni kí ẹ ri apá kan bọ omi gbígbóná, Táíwò ni kó máa kà á títí dé ẹẹ́wàá. Kó fọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ike tirẹ̀, kó ya àwòrán ìkòkò tó ń ru èéfín sára èyí tó wẹ omi gbígbóná. Ẹ gbé méjèèjì sí ojú wíńdò, kí Kẹ́hìndé máa bá a bomi rin ín. Bó bá di ọjọ́ kẹrin, kí bàbá wọn tó jáde lọ síbi iṣẹ́, ẹ ní kí Táíwò lọ fà wọ́n lọ́wọ́ wá wò ó.